Bí A Ṣe Ń Sìn Olú Gbòǹgbò fún Oko Ẹ̀gẹ́

Ẹ fa ẹ̀gẹ́ kékeré kan tu, kí ẹ ṣan gbòǹgbò rẹ̀ nínú omi. Gbòǹgbò náà ki, kò pọ̀, irun ara rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀kan lára oúnjẹ tí ohun ọ̀gbìn ń fà nínú ilẹ̀, kì í sì í rìn: èyí tó wà ní nǹkan bíi mìlímítà 1 sí 2 sí gbòǹgbò ni ẹ̀gẹ́ ń rí fà. Ìyẹn kì í pẹ́ tán. Olú kan tí ojú lásán kò rí ló ń ran ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Inú gbòǹgbò ló ń gbé, ó ń na fọ́nrán rẹ̀ jáde ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan, ó ń fa fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti síńkì wá, ẹ̀gẹ́ á sì fi ṣúgà bọ́ ọ.

Láìsí gbòǹgbò ààyè, olú yìí kò lè dàgbà. Nítorí náà, inú ohun ọ̀gbìn la ti ń sìn ín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́rin àbọ̀ ṣáájú àkókò ìgbìn. Níbi tí ilẹ̀ ti sinmi fún ọdún mélòó kan, ẹ gbá ewé òkè kúrò, kí ẹ bu ilẹ̀ ìdí koríko, kó má jìn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, pẹ̀lú gbòǹgbò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀. Bí gbòǹgbò bá wú kókó-kókó, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀; aràn ilẹ̀ ló ń fà á. (Kókó ara gbòǹgbò ẹ̀wà yàtọ̀: ìyẹn ń ṣí tí a bá fi èékánná hó o.)

Ẹ fọ yanrìn odò títí omi rẹ̀ á fi mọ́, kí ẹ yan án nínú agbada fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ máa rò ó. Tó bá tutù, ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ náà lọ́gbọọgba, sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 10 tí ẹ ti lu nídìí. Ẹ gbin ọkà bàbà tàbí àgbàdo 6 sí i, irúgbìn tí wọn kò fi oògùn sí lára. Ẹ máa bomi rin ín, ẹ má fi ajílẹ̀ NPK sí i rárá. Bí ewé bá pọ́n, ẹ yọ́ ìdajì ṣíbí tíì ajílẹ̀ yùríà sínú lítà omi kan, kí ẹ bù ú sí i.

Lẹ́yìn oṣù 3 sí 4, ẹ dá omi dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má ṣàánú ọkà náà: bó ṣe ń kú lọ ni olú ń so irúgbìn tirẹ̀. Ẹ gé òkè rẹ̀ dànù, ẹ gé gbòǹgbò sí wẹ́wẹ́, ẹ pò ó padà mọ́ ilẹ̀ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sá a síbòji, kì í ṣe sóòrùn.

Nígbà ìgbìn, ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ilẹ̀ olú yìí ni fún ihò kọ̀ọ̀kan, kó kan igi ẹ̀gẹ́ níbi tí gbòǹgbò yóò ti yọ. Èyí tí a bá fọ́n sórí ebè, òfò ni.

Ajílẹ̀ oní-fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó pọ̀jù ló sábà ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹ̀gẹ́ tó bá ti yó kò ní bọ́ olú. Omi tó dúró nínú ebè náà ń pa á. Tẹ̀tẹ̀ àti kábéèjì kì í gbà á sínú gbòǹgbò wọn, nítorí náà ilẹ̀ tí wọ́n ti gbin àwọn yẹn léraléra ló nílò rẹ̀ jù.

Ẹ se díẹ̀ nínú ilẹ̀ olú yìí lórí iná kí olú inú rẹ̀ kú, kí ẹ fi sí ebè mẹ́wàá, kí ẹ fi èyí tí ẹ kò sè sí mẹ́wàá mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ẹ wọn gíga wọn. Bí wọ́n bá dọ́gba, olú ti pọ̀ nínú ilẹ̀ yín tẹ́lẹ̀ tàbí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ti tó o. Ẹ má wulẹ̀ sìn ín mọ́ fún ilẹ̀ yẹn.