Bí ẹ ṣe máa yan ọ̀dà fún ara ọkọ̀ ìgbòkun kékeré tó ti gbó

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọkọ̀ ìgbòkun kékeré tó ti gbó, àwọ̀ ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, ṣé búlúù ni ká fi kùn ún àbí funfun, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ ló yẹ kó gbẹ̀yìn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ ló máa sọ ọ̀dà tó fẹ́. Ohun mẹ́ta lẹ máa yẹ̀ wò lára ẹ̀: kí ni wọ́n fi kàn án, ibo ló ń sùn, ọ̀dà wo ló ti wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìkẹta yẹn lèmi ka sí pàtàkì jù, torí lórí ọkọ̀ àtijọ́, ara ọ̀dà àtijọ́ ni ọ̀dà tuntun ń lẹ̀ mọ́, tí èyí tó wà nísàlẹ̀ bá ṣí, èyí tó wà lókè máa bá a lọ bó ti wù kó wọ́n tó.

Kí ni wọ́n fi kàn án?

Èyí tó pọ̀ jù ni fáíbà. Fáíbà ní awọ òde kan tó ń dán, gelcoat ni wọ́n ń pè é, tó bá pẹ́ nínú oòrùn á ṣá, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ nù ún á yọ ìyẹ̀fun funfun sí yín lọ́wọ́. Ìyẹn nìkan ò sọ pé kẹ́ ẹ kun ọkọ̀ o. Ẹ mú kọ́mpáùndì tí wọ́n fi ń dán ara mọ́tò, ẹ fi gbo ibì kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, tó bá dán padà, ẹ gbo gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ fi wáàsì sí i, ọ̀rọ̀ ọ̀dà ṣì lè dúró ná. Tí gelcoat bá ti jẹ débi tẹ́ ẹ ti ń rí okùn fáíbà lábẹ́ ẹ̀, tàbí tó ti sán wẹ́wẹ́ káàkiri, ìgbà yẹn lẹ tó nílò ọ̀dà. Ẹ wo ìdí ọkọ̀ náà dáadáa. Tẹ́ ẹ bá rí i tó lé róró, tẹ́ ẹ gún ọ̀kan tí omi tó ń rùn bíi fínígà sì jáde, omi ti wọnú fáíbà nìyẹn, ẹ máa ní láti ṣí àwọn ojú ibẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ (ìyẹn lè gba oṣù mélòó kan), kẹ́ ẹ fi pọ́tì epoxy (gọ́ọ̀mù líle tí wọ́n ń pò láti inú agolo méjì) dí i, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀dà epoxy tó ń dínà omi bò ó kẹ́ ẹ tó kun nǹkan míì lé e.

Igi pín sọ́nà méjì, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Èyí tí wọ́n to pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí wọ́n fi òwú dí àárín wọn máa ń wú tó bá wọ omi, á tún sún kì tó bá pẹ́ lórí ilẹ̀. Ọ̀dà tó bá le gan-an lórí irú igi yẹn á là ní gbogbo ojú ibi tí pákó ti pàdé, omi á gba ibẹ̀ wọlé, igi á máa jẹrà lábẹ́ ọ̀dà tó ṣì ń dán lójú. Ọ̀dà tó rọ̀ díẹ̀, tó lè bá igi nà, lòun fẹ́, ìyẹn ọ̀dà agolo kan tí kò ní hádínà (èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà kó lè le). Èyí tí wọ́n fi pláìwúùdù kàn tí wọ́n wá fi epoxy àti aṣọ fáíbà bò, òun kì í fi bẹ́ẹ̀ mira, ọ̀dà líle lè wà lára ẹ̀ láìsí wàhálà.

Tó bá jẹ́ irin, ẹ há ìpẹtà kúrò títí kó fi di irin tó mọ́ lóló, kẹ́ ẹ sì fi práímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀) epoxy sí i lọ́jọ́ yẹn náà, torí tó bá sùn mọ́jú láìbò á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Alumíníọ̀mù ló ní òfin tó le jù. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ọ̀dà abẹ́ omi tí wọ́n fi bàbà pupa ṣe, èyí tí wọ́n ń kọ cuprous oxide sára agolo ẹ̀, sí i lára láé, torí tí bàbà àti alumíníọ̀mù bá pàdé nínú omi iyọ̀, alumíníọ̀mù ló máa jẹ dànù, kódà á lu. Àwọn atukọ̀ ti mọ irú nǹkan yìí tipẹ́. Lọ́dún 1761 àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi bàbà bo ìdí ọkọ̀ ogun kan tó ń jẹ́ HMS Alarm, kí kòkòrò inú omi má bàa jẹ igi ẹ̀, nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn bí ọdún méjì igi wà dáadáa, àmọ́ púpọ̀ nínú ìṣó irin tó fara kan bàbà yẹn ti jẹ tán, ibi tí bébà ti há sáàárín irin àti bàbà ni ìṣó ti yè. Tí ọkọ̀ yín bá jẹ́ alumíníọ̀mù, antifouling (ọ̀dà abẹ́ omi tí kì í jẹ́ kí nǹkan lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀) tí wọ́n kọ sára ẹ̀ gbangba pé ó dára fún alumíníọ̀mù ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì fi práímà epoxy tó nípọn sáàárín.

Ibo ló ń sùn?

Tí ọkọ̀ yín bá ń sùn lórí ilẹ̀, tẹ́ ẹ máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sómi tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ má ra antifouling rárá. Ó wọ́n, májèlé wà nínú ẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe ò sì kàn yín. Ọ̀dà ara ọkọ̀ lásán látòkè dé ìdí ti tó, kẹ́ ẹ fi omi tó mọ́ fọ ọkọ̀ náà tẹ́ ẹ bá dé. Tó bá jẹ́ inú omi ló ń gbé, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá, torí ọ̀dà tí wọ́n ṣe fún òkè omi, tó bá wà lábẹ́ omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìjáde, á wú, á lé róró, á máa bó. Ibi tí omi ń dé lára ọkọ̀ ni ààlà. Òkè ẹ̀ ní ọ̀dà tiẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní ọ̀dà tiẹ̀, ẹ jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ gòkè díẹ̀ kọjá ààlà yẹn, bí ìka mẹ́ta, torí ọkọ̀ máa ń rì sí i tí èèyàn àti ẹrù bá wọnú ẹ̀.

Iṣẹ́ antifouling ni pé kó má jẹ́ kí ewédò àti àwọn ẹ̀dá kéékèèké oníkarahun lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ tí wọ́n ti kún ìdí ẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ, atẹ́gùn wà, ìgbòkun kún, ọkọ̀ ò kàn fẹ́ lọ ni, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yí i padà kò ní tètè dáhùn. Bàbà ló wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ antifouling, ó ń jáde díẹ̀díẹ̀ sínú omi. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó le, ọ̀dà náà ò kúrò, bàbà inú ẹ̀ nìkan ló ń jáde, ẹ lè fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó nínú omi, àmọ́ ọdọọdún ló ń nípọn sí i títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ sì máa ń sọ agbára nù tí ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Èyí tó ń yòrò, ọ̀dà fúnra ẹ̀ ló ń tán lọ nínú omi tí awọ tuntun fi ń yọ lábẹ́ ẹ̀, kì í nípọn jù, ọ̀pọ̀ ẹ̀ lẹ sì lè gbé kúrò nínú omi kẹ́ ẹ tún dá a padà. Fún ọkọ̀ ìgbòkun kékeré tí kì í sáré, èyí tó ń yòrò ni mo fara mọ́. Ẹ kùn ún ní àwọ̀ méjì, ti àkọ́kọ́ pupa, ká ní, ti òkè búlúù, ọjọ́ tí pupa bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lẹ mọ̀ pé ó ti ń tán. Ohun kan ni pé ẹ ò lè máa gbo irú ẹ̀ kíkankíkan, ọ̀dà lẹ máa gbo dà sómi.

Ẹ má fi ohun tí wọ́n kọ sára agolo nìkan yan antifouling o. Omi tí ọkọ̀ yín ń gbé gan-an ni kẹ́ ẹ wò, iyọ̀ ni àbí aláìníyọ̀, gbígbóná ni àbí tútù, torí ọ̀dà tó ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì níbì kan lè má lò tó oṣù mẹ́fà níbòmíì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé àwọn ọkọ̀ míì jáde látinú omi kan náà, ẹ lọ wo ìdí wọn, èyí tó bá mọ́ jù, ẹ bi olówó ẹ̀ pé ọ̀dà wo ni. Ẹ béèrè òfin ibẹ̀ náà, torí àwọn adágún kan wà tí wọn ò fẹ́ bàbà nínú omi wọn.

Ọ̀dà wo ló wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Ọ̀dà òkè omi tó ní agolo kan kàn ń gbẹ nínú atẹ́gùn ni. Èyí tó ní agolo méjì, hádínà lẹ máa pò mọ́ ọn kó tó le, tínà inú ẹ̀ sì lágbára gan-an. Agolo kan lè gun orí agolo méjì tó ti gbẹ, tẹ́ ẹ bá ti fi sáńpépà gbo ó. Agolo méjì ò gbọdọ̀ gun orí agolo kan, torí tínà ẹ̀ máa sọ èyí tó wà nísàlẹ̀ di rírọ̀, gbogbo ẹ̀ á sì ká kúrò.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó wà níbẹ̀? Ẹ rẹ àkísà kékeré sínú acetone tàbí tínà ọ̀dà agolo méjì, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ níbi tó fara sin, ẹ fi ọ̀rá bò ó kó má bàa gbẹ, kẹ́ ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tẹ́ ẹ bá ṣí i tí ọ̀dà ti hunjọ bí awọ orí wàrà gbígbóná, tẹ́ ẹ fi èékánná kàn án tó sì rọ̀, agolo kan ni. Tó bá le síbẹ̀, tí àwọ̀ díẹ̀ nìkan bóyá yọ sára àkísà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ agolo méjì tàbí gelcoat gan-an. Ẹ ṣe é níbi mẹ́ta mẹ́rin o, torí ọkọ̀ àtijọ́ ti kọjá lọ́wọ́ onírúurú èèyàn, apá ọ̀tún ẹ̀ lè yàtọ̀ sí tòsì.

Lẹ́yìn náà ẹ mú abẹ tó mú, ẹ gé ìlà mẹ́fà kí wọ́n sún mọ́ra, kẹ́ ẹ gé mẹ́fà míì dábùú wọn kí ọ̀bẹ dé ìsàlẹ̀, ẹ tẹ téèpù tó lẹ̀ dáadáa mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ègé onígun mẹ́rin yẹn bá bá téèpù jáde lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹ há gbogbo ẹ̀ kúrò, kò sí ọ̀dà tó lè tún un ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sáńpépà gbo ọ̀dà abẹ́ omi ní gbígbẹ. Bàbà wà nínú eruku ẹ̀, nínú ọkọ̀ tó bá ti pẹ́ gan-an òjé lè wà níbẹ̀, TBT náà lè wà níbẹ̀, májèlé tí ilẹ̀ Faransé fòfin dè fún ọkọ̀ tí kò tó mítà 25 lọ́dún 1982 nítorí ohun tó ṣe fún àwọn ẹ̀dá oníkarahun tí wọ́n ń sìn ní etíkun Arcachon níbẹ̀, òfin àgbáyé lórí ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2008. Ẹ fi omi gbo ó, ẹ wọ ìbòmú tó ní asẹ́ tó dáa àti ìbọ̀wọ́, ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ kẹ́ ẹ lè kó ìdọ̀tí ẹ̀ dànù síbi tó yẹ, kí ọmọdé má sún mọ́ ibẹ̀.

Tó bá jẹ́ fáíbà, ẹ yọ wáàsì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan sáńpépà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sáńpépà á tẹ wáàsì wọnú ara ọkọ̀, ọ̀dà á sì máa sá fún ibẹ̀. Àkísà kan fún fífi tínà yọ ọ́, òmíràn tó gbẹ tó sì mọ́ fún nínù ún kó tó gbẹ. Ẹ wá da omi sí i: tí omi bá tẹ́ lọ pẹrẹsẹ, ó ti mọ́, tó bá ń ṣù jọ, ẹ tún un ṣe.

Agolo kan àbí méjì fún òkè omi?

Agolo méjì ń dán ju, ó ń pẹ́ ju, èyí jẹ́ òótọ́. Àmọ́ hádínà polyurethane, irú ọ̀dà agolo méjì tó wọ́pọ̀ fún òkè omi, ní kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ isocyanate nínú, tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀rọ fọ́n ọn, èéfín ẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ títí ayé, ìbòmú lásán ò tó, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi ṣiṣẹ́ ṣe ń lo ìbòmú tó ń gba atẹ́gùn tó mọ́ látinú ọ̀pá. Kò gba kùdìẹ̀kudiẹ náà, gbogbo ihò abẹ́ ló ń fi hàn. Fún ọkọ̀ kékeré tó ti gbó tẹ́ ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín kùn, ọ̀dà agolo kan ni màá sọ pé kẹ́ ẹ mú, tó bá ha ẹ kàn gbo ibẹ̀ kẹ́ ẹ tún un kùn láàárín ọ̀sán. Ẹ fi rólà fóòmù tẹ́ ọ̀dà náà pẹlẹbẹ, kí ẹnì kejì tẹ̀ lé yín pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kó máa fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì náà nìkan ra ojú ọ̀dà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Àwọ̀ wá kàn báyìí. Dúdú àti búlúù tó ṣú ń gba oòrùn, ara ọkọ̀ á gbóná, pákó á gbẹ títí ojú ìpàdé á fi ṣí, fáíbà á máa fi ojú okùn inú ẹ̀ hàn. Funfun àti àwọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun ló ń dáàbò bò ó jù. Tí ara ọkọ̀ bá ti rí gbágungbàgun, ẹ mú èyí tí kò dán jù.

Mélòó lẹ máa rà?

Fún òkè omi: ẹ ro gígùn àti fífẹ̀ pọ̀, ìlọ́po méjì ẹ̀, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú gíga láti ojú omi dé etí ọkọ̀. Ọkọ̀ tó gùn ní mítà 6, tó fẹ̀ ní 2, tó ga ní 0.7, máa jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 11.2. Lítà kan máa ń kun nǹkan bíi 10, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì máa gba lítà méjì àti díẹ̀. Fún ìsàlẹ̀: ẹ ro fífẹ̀ àti jíjìn sínú omi pọ̀, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú gígùn ọkọ̀ níbi tí omi dé, kẹ́ ẹ mú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀ tí keel (egungun ìdí ọkọ̀ tó wọnú omi lọ) bá mọ níwọ̀n, tó bá jẹ́ keel gígùn tó jìn ẹ mú gbogbo ẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ lé e, torí imú ọkọ̀, ojú ìlà omi àti ìtọ́nà tó wà lẹ́yìn, ìyẹn pákó tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀, máa ń tètè jẹ.

Práímà, ọ̀dà àti tínà, ẹ rà wọ́n lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan náà, ẹ ka ìwé wọn fún iye wákàtí tó yẹ kó wà láàárín ìkùn kan àti èkejì. Kẹ́ ẹ tó ra agolo ńlá, ẹ ra èyí tó kéré jù lọ, ẹ tú ìtọ́nà ẹ̀yìn yẹn sílẹ̀, ẹ ṣe gbogbo iṣẹ́ náà lára ẹ̀ látorí yíyọ wáàsì dé ìkùn ìkẹyìn, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí oòrùn ti ń pa á fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ wá fi abẹ àti téèpù yẹn dán an wò. Tó bá ṣí, ìtọ́nà nìkan lẹ máa há, ẹ lè wá yí práímà padà kẹ́ ẹ tó kan ara ọkọ̀.