Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ bóyá kí n dúró nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà tàbí kí n kúrò

Ọdún kọkànlá ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń lọ́jú pọ̀ jù. Ẹni tó ṣe mẹ́rin lè kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ, kò fi nǹkan ńlá sílẹ̀. Ẹni tó ti ṣe mẹ́tàdínlógún, kò sẹ́ni tí yóò gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ. Àmọ́ ẹni tó wà láàárín, tí káńtíráàtì rẹ̀ fẹ́ parí, tí iléeṣẹ́ kan níta sì ti kọ̀wé pè é, gbólóhùn kan náà ni gbogbo ènìyàn yóò máa sọ sí i létí: "O ti kọjá ìdajì, má sọ pẹ́ńṣàn nù." Ogún ọdún lèèyàn ń sìn kí pẹ́ńṣàn tó wá. Mo gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó ń sọ ọ́ tó mú bírò jáde.

Lọ́dún 2014 ni mo wọlé, green card ló wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti pé ọmọ ọdún 28. 92A ni iṣẹ́ mi, ìyẹn àwa tá à ń bójú tó sítọ́ọ̀ àti ètò ẹrù. Staff Sergeant ni mo jẹ́, Fort Bliss ní El Paso ni mo wà. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Iléeṣẹ́ kan ní Houston fẹ́ gbà mí sí iṣẹ́ ètò ẹrù ní $102,000 lọ́dún. Mo ti sọ àwọn owó kan nínú ìtàn yìí di odidi kó lè rọrùn láti tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n bí mo ṣe tò wọ́n gan-an nìyí.

LES ni mo kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀, ìyẹn ìwé owó oṣù wa. Lápá òsì, lábẹ́ ENTITLEMENTS, ìlà mẹ́ta ni tèmi: base pay tó jẹ́ owó oṣù gan-an $4,500, BAH tó jẹ́ owó ilé $1,800, BAS tó jẹ́ owó oúnjẹ $465.77, iye tí gbogbo ọmọ ogun tí kì í ṣe ọ́fíṣà ń gbà lọ́dún 2025. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíi $81,200 lọ́dún. Ẹni tó bá gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ $102,000 yóò sáré lọ di ẹrù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé náà níbi tí wọ́n kọ FED TAXES sí: base pay nìkan ni wọ́n kà. Owó orí kì í kan BAH àti BAS. Bíi $27,200 ni méjèèjì lọ́dún, kò sì sí ẹni tó ń bu nínú rẹ̀.

Nítorí pé ìyàwó mi náà ń ṣiṣẹ́, owó tó bá gorí tiwa ń bọ́ sí ìpele owó orí 22%. Ẹ fi 7.65% ti Social Security àti Medicare kún un. Kí $27,200 tó lè wọ àpò mi níta, ẹni tó gbà mí síṣẹ́ ní láti san bíi $38,600. Ìyẹn ni pé $92,600 ni owó iṣẹ́ ológun mi, kì í ṣe $81,200. (Texas kì í gba owó orí ìpínlẹ̀ lórí owó oṣù, ìyẹn sì bá mi dín ìṣirò kù. Tí iṣẹ́ yín bá wà ní California, ẹ tún un ṣe.)

Lẹ́yìn náà ni mo wo ìwé ìlera tí wọ́n fi mọ́ ìwé iṣẹ́ Houston. Lórí active duty, ìyẹn iṣẹ́ ológun ojoojúmọ́ tí mò ń ṣe, a kì í san kọ́bọ̀ lóṣooṣù fún TRICARE Prime, ètò ìlera wa. Níbẹ̀, adójútòfò ìdílé jẹ́ $640 lóṣù, ìyẹn $7,680 lọ́dún. $102,000 ti di $94,320. Èrè tí mò ń wò kò ju bíi $1,700 lọ. Wọ́n á tún fi 4% sínú 401(k) mi, àpò owó ìfẹ̀yìntì àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níta, bíi $4,100. Àròpọ̀ èrè kíkúrò, $5,800. Kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ ya káńtíráàtì.

Ó wá kan pẹ́ńṣàn. High-3, ètò pẹ́ńṣàn àtijọ́, ni tèmi, torí mo wọlé ṣáájú 2018, n kò sì gba BRS, ètò tuntun, nígbà tí wọ́n fi lọ̀ wá. Ohun tí High-3 ń sọ kò le: 2.5% fún ọdún kọ̀ọ̀kan, nínú ìpíndọ́gba base pay oṣù 36 tó pọ̀ jù. Ẹni tó bá ṣe 20 ń gba 50%. Ẹni tó bá lọ ní ọdún 11 kò gba ohunkóhun. Ẹ̀yin BRS, 2% ni tiyín, 40% ní ọdún 20, ṣùgbọ́n ìjọba lè fi tó 5% base pay yín sínú TSP, àpò owó ìfẹ̀yìntì ti ìjọba, lẹ́yìn ọdún méjì ó ti di tiyín, ẹ ó sì gbé e lọ ìgbàkígbà tí ẹ bá kúrò. Ohun tí ẹ ó pàdánù bí ẹ bá lọ kéré sí tèmi. Ẹ ṣọ́ra fún continuation pay tí wọ́n máa ń fún yín kí ọdún 12 tó pé: ẹni tó gbà á ti fọwọ́ sí ọdún mẹ́ta sí i ó kéré tán. Ẹ parí ìṣirò yín kí ẹ tó na ọwọ́ sí i.

Mo ní ká ní base pay mi yóò jẹ́ $5,000 ní ìgbẹ̀yìn. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ $2,500 lóṣù, $30,000 lọ́dún, láti ọmọ ọdún 48 títí dọjọ́ ikú, ó sì ń gòkè bí ọjà bá ń gbówó lórí. Ẹni tó fẹ́ máa yọ irú owó bẹ́ẹ̀ nínú owó ara rẹ̀ láìjẹ́ kó tán nílò bíi ìlọ́po 25 rẹ̀, $750,000. Ọdún mọ́kànlá tó ti lọ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí mọ́, mo ti sìn ín, mo ti gbowó rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án tó kù ló ń ra $750,000 yẹn. Bí mo bá wà níta tí owó mi sì ń fi 4% gòkè, mo ní láti máa fi bíi $71,000 pamọ́ lọ́dọọdún kí n tó bá a. Ta ni yóò rí $71,000 fi pamọ́ nínú owó oṣù $102,000?

Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ Sergeant First Class ni mo fi han. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò, ìṣirò ẹ dáa. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ẹ pé ẹni tó kúrò ní active duty ti kúrò nínú pẹ́ńṣàn? Reserve ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn di ìgbà téèyàn bá pé 60."

"Ṣé o ò ní pé 60 ni?"

Reserve ni àwọn ológun tó ń sìn ní òpin ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ní iṣẹ́ mìíràn níta. Pọ́ìǹtì ni wọ́n fi ń ka pẹ́ńṣàn wọn. Ọjọ́ kan lórí active duty jẹ́ pọ́ìǹtì kan, nítorí náà ọdún 11 mi ti jẹ́ 4,015. Ní Reserve, pọ́ìǹtì 15 ni ti pé orúkọ ẹni wà níbẹ̀, drill òpin ọ̀sẹ̀ mú 48 wá lọ́dún, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì mú bíi 14: àròpọ̀ 77. Ọdún mẹ́sàn-án jẹ́ 693. Ẹ pa á pọ̀, 4,708. Ẹ fi 360 pín in, ó di ọdún 13.08. Ẹ lò ó mọ́ 2.5%, ó di 32.7%. Nínú $5,000, ìyẹn jẹ́ $1,635 lóṣù, láti ọmọ ọdún 60. Kì í sì í ṣe base pay àtijọ́ ni wọ́n máa lò bí ẹ bá lọ sí Retired Reserve, níbi tí orúkọ yín ṣì wà títí ẹ ó fi pé 60, dípò kí ẹ gba ìtúsílẹ̀ pátápátá; táńbìlì owó oṣù tó wà lóde nígbà tí ẹ bá ń súnmọ́ 60 ni. Ìtúsílẹ̀ pátápátá ni kí ẹ máa bẹ̀rù.

Mo wá gbé e sí ojú kan náà pẹ̀lú tàkọ́kọ́. Ìlọ́po 20 ni mo lò, torí ọdún tí ẹni 60 yóò fi jẹ ẹ́ kò pọ̀ tó ti ẹni 48: $392,400. Mo fi 4% dá a padà fún ọdún 12 kó lè bá ìgbà tí mo máa jẹ́ 48, ó di bíi $245,000. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín pẹ́ńṣàn méjèèjì kì í ṣe $750,000 mọ́, $505,000 ni.

Ibì kan tún wà tí àwọn alágbàwí "kọjá ìdajì" kì í dé. Ṣé ó dájú pé màá dé 20? Sergeant, oyè tó wà lábẹ́ tèmi, tí kò gòkè ni wọ́n ń dá padà sílé kí ogún tó pé. Èmi ti bọ́ nínú ìyẹn. Orúnkún mi ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Bí àwọn dókítà ológun bá dá ènìyàn dúró, 30% sókè nínú ìwọ̀n àìlera ló ń mú pẹ́ńṣàn wá. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, owó ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n á kà fún un. Mo fi 80% sí i pé màá parí, mo sì lo 80% náà fún Reserve, torí orúnkún kan náà ni. $505,000 di $404,000. Bí mo bá fẹ́ fi owó bá a láàárín ọdún mẹ́sàn-án, bíi $38,000 lọ́dún ni. Nọ́ńbà yìí ló ń mi gbogbo rẹ̀: bí ẹ bá ní 100%, ó di $47,700, bí ẹ bá ní 60%, ó di $28,600. Ẹ má yá nọ́ńbà ẹlòmíì lò níbí.

$38,000 sí $5,800. Dídúró ṣì ń borí, mo sì gbé e fún ìyàwó mi. Ó kà á dé ìsàlẹ̀.

"Bàbá Àyọ̀, ẹ ò tíì ṣírò tèmi."

Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n gbé wa lọ sí Schofield Barracks ní Hawaii, ìpínlẹ̀ yẹn kò sí lára àwọn tó ń gba ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì ara wọn, ó sì jókòó sílé títí tiwọn fi jáde. A padà sí Texas, ìwé àṣẹ kò ṣòro mọ́, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ní ilé ìwòsàn tuntun, iṣẹ́ alẹ́, owó ẹni tuntun. Mo ní kó kọ ohun tí ì bá ti gbà ká ní a wà lójú kan, ká yọ ohun tó gbà gan-an kúrò nínú rẹ̀, ká pín in sí àwọn ọdún yẹn. Ó sún mọ́ $20,000 lọ́dún. Lójú mi, nǹkan yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tó gbéyàwó kì í kà, torí kì í hàn lórí LES ẹnikẹ́ni.

Owó Reserve fúnra rẹ̀ tún wà. Drill kan jẹ́ ìdá kan nínú ọgbọ̀n base pay, $150. Mẹ́rin ló wà nínú òpin ọ̀sẹ̀ kan. Pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ méjì ìdánilẹ́kọ̀ọ́, $9,300 lọ́dún. Ẹni tó wà ní Reserve sì lè ra TRICARE Reserve Select, tí kò tó $300 lóṣù fún odidi ìdílé lọ́dún 2025. Ẹ rántí $640. Bíi $4,400 lọ́dún ló padà sápò.

$5,800, $20,000, $9,300, $4,400: $39,500. Ní òdìkejì, $38,000. Pẹ̀lú bí mo ṣe ń fojú díwọ̀n nǹkan, ọgbọọgba ni. Ohun kan tí mi ò fi nọ́ńbà sí ni TRICARE ẹni tó fẹ̀yìn tì: ní 48 ni ti active duty ń bẹ̀rẹ̀, ní 60 ni ti Reserve. Mo gbé ìyẹn sápá dídúró. Owó àìlera tí VA, iléeṣẹ́ ìjọba fún àwọn tó ti sìn, ń san kò sí lápá kankan, torí yóò wá níbikíbi tí mo bá wà. Àfi pé ẹni tó ń drill kò lè gba VA àti owó drill fún ọjọ́ kan náà. GI Bill, owó ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń san fún ọmọ ogun, ńkọ́? Mo ti gbé e fún àwọn ọmọ, mo sì ti sin ọdún mẹ́rin tí wọ́n ń béèrè fún un, ìyẹn náà jáde kúrò nínú ìṣirò.

Nígbà tí owó kò dá ẹjọ́ náà, a jẹ́ kí ilé dá a. Àyọ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ high school, kò fẹ́ parí rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta. Ìyàwó mi ti rí iṣẹ́ ojúmọmọ ní Houston. Mo ní mò ń lọ.

Àwọn tó kù, iṣẹ́ ìwé ni. Mo lọ bá career counselor Reserve kí n tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kí n lè rí unit tó ní àyè fún Staff Sergeant 92A nítòsí ilé. Ẹ má gbà kí wọ́n fi yín sí ibi tí ẹ ó ti máa wakọ̀ wákàtí márùn-ún, ìrìn yẹn kì í mówó wá. TAP, ètò tó ń múra ẹni sílẹ̀ fún ìjáde, gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ó kéré tán ọjọ́ 365 ṣáájú. Ẹ̀tọ́ VA mi, mo fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 180 sí 90 ṣáájú ọjọ́ ìjáde, lábẹ́ ètò BDD tó gbà kéèyàn béèrè kó tó kúrò, orúnkún ló ṣáájú. Ọjọ́ ìsinmi tó kù, n kò tà á: bí wọ́n bá rà á, base pay nìkan ni wọ́n ń san, ṣùgbọ́n bí mo bá fi ṣe terminal leave, ìsinmi tó kángun sí ìjáde, BAH àti BAS ń bá a lọ, mo sì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Houston láàárín rẹ̀. DD-214, ìwé ìjáde wa, ni mo fi ìkánjú sílẹ̀ fún. Mo ka gbogbo àpótí rẹ̀ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ mi lọ́wọ́, ọjọ́ ìwọlé, oyè, àmì ẹ̀yẹ, àwọn iṣẹ́ òkè òkun, kí n tó fọwọ́ sí i, torí orí ìwé yẹn ni wọn yóò ti ka 4,015 mi.