Bí a ṣe ń fi súwẹ́tà òkìríkà ṣe ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì

Kí Kérésìmesì tó dé Ogbómọ̀ṣọ́ ni ọyẹ́ ti máa ń dé. Ètè á bẹ̀rẹ̀ sí í là, eruku á bo ewé kajú, àwọn tó ń ta òkìríkà ní Tákíé àti Wásò á sì kó súwẹ́tà síwájú igbá. Ìdí òkìtì súwẹ́tà yẹn ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ́ yín yìí ti bẹ̀rẹ̀. A ò ní ra ọ̀ṣọ́ oníke tó ń dán yinrinyinrin, tí ọmọdé bá fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan tó ti fọ́. Aṣọ fẹ́ẹ̀tì ("felt") la fẹ́ ṣe fúnra wa, ká gé e, ká rán an, ká sì so ó mọ́ igi Kérésìmesì tàbí ẹnu ọ̀nà.

Fẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń ṣe fìlà olétí gbígbòòrò táwọn bàbá wa máa ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn kì í hun ún bí òfì. Irun àgùntàn ni wọ́n máa ń fi omi gbígbóná gbo mọ́ra títí á fi lẹ̀ di ọ̀kan. Bí ẹ bá gé e, etí rẹ̀ kì í tú, torí kò sí òwú tó dábùú òwú nínú rẹ̀. Ohun tí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn fún ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ télọ̀ rí. Ẹ ò ní ṣẹ́ etí aṣọ kankan, ẹ ò sì nílò ẹ̀rọ.

Fẹ́ẹ̀tì pélébé tó tóbi tó ìwé A4 wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò iṣẹ́ ọwọ́ fáwọn ọmọ iléèwé. Oníke ló pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe irun àgùntàn, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá ní àkókò lè rà á, kó fo ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ omi gbígbóná. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ ṣe ogún tàbí ọgbọ̀n ọ̀ṣọ́, owó rẹ̀ á ga. Súwẹ́tà kan ṣoṣo ni mo fi ṣe 14 lọ́dún tó kọjá, èyí tó ti já nígbọ̀nwọ́ ni mo sì rà. Ìyá tó ń tà á wò mí, ó ní, "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ fi eléyìí ṣe?" Mo ní ọ̀ṣọ́ ọdún ni. Ó fi ẹyọ kan jàrá fún mi.

Wíwá súwẹ́tà tó tọ́

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Súwẹ́tà onírun àgùntàn nìkan ló ń di fẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo pélébé tí wọ́n rán mọ́ ọrùn rẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá ni "wool", kó má sì dín ní 80 nínú 100. Tó bá jẹ́ "acrylic" tàbí "polyester" lẹ rí, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi èyí tí wọ́n kọ "superwash" sí náà sílẹ̀. Irun àgùntàn ni lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ kó má bàa súnkì nínú omi.

Ọ̀pọ̀ òkìríkà ni pélébé ara rẹ̀ ti já dànù. Iná lẹ máa fi dán an wò. Ẹ fa òwú díẹ̀ yọ níbi tó ti já, ẹ ṣá iná sí i. Irun àgùntàn máa ń rùn bí irun orí tó jóná, iná rẹ̀ á tètè kú, eérú rẹ̀ á sì rún mọ́ yín lọ́wọ́. Oníke á yọ́, á sì di kókó dúdú líle. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mi ò mọ èyí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo se omi, mo gbo súwẹ́tà kan láti àárọ̀ di ọ̀sán, ó mọ́ ni, kò súnkì. Gáàsì ilé ni mo fi ṣòfò.

Àwọn kan ti bi mí bóyá a ò lè lo irun àgùntàn tiwa. Àgùntàn tó ń jẹ̀ káàkiri àdúgbò wa, irun kúkúrú bíi ti ewúrẹ́ ló ní. Kò dà bí onírun kíkún tí wọ́n ń rẹ́ irun rẹ̀ ní Ọsirélíà, kò sì ṣeé fi ṣe iṣẹ́ yìí.

Sísọ ọ́ di fẹ́ẹ̀tì

Ẹ má tíì gé súwẹ́tà yẹn o. Bọ́tìnì nìkan ni kí ẹ já, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Ẹ gbé omi kaná títí á fi gbóná kọjá ohun tí ọwọ́ lè gbà, ẹ dà á sínú báfù, ẹ po ọṣẹ sí i kó hó dáadáa. Ọṣẹ dúdú ni mo ń lò. Ẹ rì súwẹ́tà sínú rẹ̀, ẹ fi ọmọrogùn rò ó. Tí omi bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ gbo ó, ẹ fún un, ẹ gbá a mọ́ ara báfù, bíi pé epo pupa ló dà sí i.

Fọ́nrán irun àgùntàn kọ̀ọ̀kan ní ìpẹ́ lára bíi ti ẹja, àmọ́ ó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Omi gbígbóná àti ọṣẹ á mú kí ìpẹ́ yẹn ṣí, gbígbo á mú kí wọ́n há sínú ara wọn, wọn ò sì ní lè yọ mọ́. Gbogbo ohun táwọn ìyá wa kìlọ̀ pé ká má ṣe sí súwẹ́tà iléèwé gan-an la ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe.

Lẹ́yìn nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ẹ kó o sínú omi tútù, ẹ fún un, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ojú híhun rẹ̀ bá ṣì hàn, ẹ dá a padà sínú omi gbígbóná mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sábà ń ṣe é. Tó bá ti ki, tí ojú híhun ti pòórá, tí súwẹ́tà àgbàlagbà wá kéré bíi ti ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ti tó. Ẹ má ṣe pa pupa pọ̀ mọ́ funfun nínú báfù kan náà. Pupa tèmi ṣí sí funfun lára, mo kàn fi ṣe òdòdó ni.

Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sábẹ́ òjìji. Nígbà ọyẹ́, kì í pẹ́ gbẹ.

Gígé

Ẹ ya àwòrán sórí páálí ṣúgà tàbí ti ọṣẹ, ẹ gé e, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ tọ etí rẹ̀ lórí fẹ́ẹ̀tì. Ínǹṣì 3 sí 4 ló dára. Tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀, aṣọ tó ki kò ní jẹ́ kí àwòrán hàn. Ìràwọ̀, agogo àti àdàbà rọrùn.

Àmọ́ ohun tó wù mí jù lára igi Kérésìmesì ní Ogbómọ̀ṣọ́ ni ohun tó ń hù ní Ogbómọ̀ṣọ́. Láti 1855 tí Bowen, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, ti mú iṣẹ́ ìjọ Baptist dé ìlú yìí, ó ti pẹ́ tó kí ọdún wa ní àwòrán tirẹ̀, yàtọ̀ sí òjò dídì ("snow") tí kì í bọ́ nílẹ̀ wa. Máńgòrò ń bẹ, kajú ń bẹ. Táwọn ẹbí bá ti Jọ́ọ̀sì wálé lóṣù Kejìlá, kajú ara igi wa ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ mú wò.

Fún kajú kan, ẹ gé ara èso méjì láti ara fẹ́ẹ̀tì pupa tàbí yẹ́lò, kó rí bíi tàtàṣé. Ẹ gé hóró méjì láti ara èyí tó láwọ̀ eérú, kó tẹ̀ bí oṣù tuntun tó sanra. Ewé kan ti tó. Ìsàlẹ̀ èso ni hóró ń wà o, mo ti rí ẹni tó rán an sókè.

Rírán

Abẹ́rẹ́ olójú fífẹ̀ ni kí ẹ lò, pẹ̀lú òwú télọ̀ tí ẹ ṣẹ́ po sí méjì. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ òwú yàtọ̀ sí ti aṣọ, torí ẹwà iṣẹ́ yìí wà nínú kí ọwọ́ ẹni hàn lára rẹ̀.

Ẹ to aṣọ méjèèjì léra, ẹ gún abẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú, kó súnmọ́ etí. Kí ẹ tó fa òwú tán, ẹ ti abẹ́rẹ́ gba inú ojóbó tí òwú ṣe, kí ẹ wá fà á. Òwú á sùn sí etí aṣọ bí ọgbà. Hóró ni kí ẹ kọ́kọ́ rán báyìí. Tí ẹ bá wá dé ìsàlẹ̀ èso, ẹ ki orí hóró bọ àárín aṣọ méjèèjì kí abẹ́rẹ́ lè mú gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ ṣe ewé àti okùn tí a ó fi so ó bẹ́ẹ̀ lókè. Ẹ fi àlàfo tí ìka méjì lè wọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àjákù súwẹ́tà yẹn náà ni kí ẹ rẹ́ wẹ́wẹ́ kì sínú rẹ̀, kí ẹ fi ìdí pẹ́ńsù tì í dé kọ̀rọ̀. Òwú àràbà, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìrọ̀rí láyé àtijọ́, fúyẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó tètè ń gbiná. Ẹ má so èyí tó ní òwú àràbà nínú sítòsí àbẹ́là. Ẹ rán ẹnu rẹ̀ pa, ẹ ta á ní kókó.

Bọ́tìnì tí ẹ tọ́jú lẹ máa rán sáàárín ìràwọ̀. Nílé tí ọmọ jòjòló bá wà, ẹ má fi bọ́tìnì sí i rárá, ẹ fi òwú ya ojú rẹ̀.

Tí ọdún bá ti parí, ẹ gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára wọn kí ẹ tó kó wọn pamọ́ sínú agolo tó ní ìdérí. Kòkòrò máa ń jẹ irun àgùntàn, nítorí náà, ẹ di káńfọ̀ kan sínú àkísà, ẹ fi sí i, kí ẹ sì gbé agolo náà síbi tọ́wọ́ ọmọdé kò ti lè tó o.