Bí mo ṣe yanjú ọ̀rọ̀ iye owó tẹ́dì àfọwọ́rán

Iṣẹ́ tẹ́dì, ìyẹn ọmọláńgidi aláṣọ, ń wọlé, oníbàárà ń dúpẹ́, àmọ́ bí mo bá fi iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́ tán, owó tó kù kì í tó ra aṣọ fún òmíràn. Mo wo iye tí àwọn ẹlòmíràn ń pè, kò yanjú ẹ̀. Mo pe owó aṣọ ní ìlọ́po mẹ́ta, pàbó ni: tẹ́dì kékeré kì í jẹ aṣọ, àsìkò ló ń jẹ.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé mo fi fóònù ka àsìkò gígé, rírán, kíki òwú sínú àti ojú yíyà. Ojú nìkan gba àsìkò ju gbogbo ara lọ! Bẹ́ẹ̀ mi ò lè fi bọ́tìnì ṣe ojú tẹ́dì ọmọ ọwọ́, bọ́tìnì lè já, kí ọmọ gbé e mì.

Ní báyìí, mo ń gba fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn ohun tí oníbàárà fẹ́ kí n rán, mo ń ka àwọ̀ àti ẹ̀yà wẹ́wẹ́ kí n tó dárúkọ owó. Bí ohun èlò bá jẹ́ ₦4,000, tí iṣẹ́ gba wákàtí 6 ní ₦1,500 fún wákàtí kan, ₦13,000 ni ìpìlẹ̀. Èrè ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀. Ìdajì owó gbọ́dọ̀ wọlé kí àlùmọ́gàjí tó kan aṣọ.

Ọwọ́ tìrẹ lè yá ju tèmi lọ o, wákàtí tìrẹ ni kí o kà.