Wákàtí mẹ́ta tí kì í ṣe mẹ́ta

Àbúrò mi fi àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Aago 12 ọ̀sán ló máa gbéra ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow ní London, aago 3 ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ló máa balẹ̀ sí Los Angeles. "Ẹ̀gbọ́n, wákàtí mẹ́ta péré!" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó ní kí n sọ iye tó jẹ́ gan-an, n kò rí nǹkan kan sọ.

Máàpù pẹlẹbẹ ni mo kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀. Mo fi rúlà fa ìlà láti London sí Los Angeles. Ó gba orí òkun kọjá, ó sì wọ Amẹ́ríkà nítòsí New York. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Ayé rí roboto; bí wọ́n bá tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí bébà, ó di dandan kí ibì kan fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bàálù tó bá tọ ìlà mi yẹn máa fò tó 9,700 kìlómítà.

Ni mo bá lọ gbé àwòrán ayé roboto tí ọmọ mi fi ń kàwé. Mo fi ìka tẹ orí òwú kan mọ́ London, mo na ìdí rẹ̀ dé Los Angeles, mo wá fà á le. Ṣe ni òwú náà yọ́ lọ sókè! Ó gba orí Greenland, ó gba Kánádà, kó tó máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Mo tún un fà lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ náà ló ń lọ: ọ̀nà tó kúrú jù nìyẹn. Mo wọ̀n ọ́n: sẹ̀ńtímítà 20 àti ààbọ̀. Òwú tó yí agbedeméjì àwòrán náà po jẹ́ sẹ̀ńtímítà 94, agbedeméjì ayé gidi sì jẹ́ 40,075 kìlómítà. Mo pín 20.5 sí 94, mo fi 40,075 sọ ọ́ di púpọ̀, ó fún mi ní 8,740 kìlómítà. Iye gidi, bíi 8,780 ni. Òwú ìránṣọ lásán-làsàn o!

Bàálù ńlá máa ń sá tó 900 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Fún 8,780 kìlómítà, ìyẹn jẹ́ wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 45. Ẹ fi ààbọ̀ wákàtí kún un fún yíyí lórí ilẹ̀, gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ líle tó wà lókè lọ́hùn-ún sì máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, iwájú ló ti ń fẹ́ lu ẹni tó ń lọ sí Los Angeles. Ó wá di bíi wákàtí 11. Nígbà àbọ̀, ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ ti máa ń tì í, kì í ju 10 àti díẹ̀ lọ.

Ó ku aago. Tí àbúrò mi bá fi máa balẹ̀, aago 11 alẹ́ ti lù ní London. Wákàtí 8 ni Los Angeles fi wà lẹ́yìn: aago 3 ọ̀sán. Ó bá tíkẹ́ẹ̀tì mu. (Kì í ṣe 8 nígbà gbogbo o: lóṣù Mẹ́ta, Amẹ́ríkà máa ń sún aago síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú London, ó sì máa ń di 7.)

Mo fi ìdáhùn ránṣẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fèsì: ó ní òun ń lọ ra ìrọ̀rí ọrùn.