Tọ́nikẹ́ẹ̀tì: bí a ṣe ń so ó kí ẹ̀jẹ̀ tó tán lára èèyàn

Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi lítà 5 lọ. Bí òpójẹ̀ ńlá inú itan bá já, ẹni náà lè kú láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ọkọ̀ tó débẹ̀, ká má tíì sọ ti dókítà. Ohun tó lè gbà á là lákòókò yẹn ni ọwọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn jù, àti ìgbànú kékeré kan tó ní ọ̀pá lára, èyí tí à ń pè ní tọ́nikẹ́ẹ̀tì. Ojú ogun ló ti wá. Àwọn ológun kan náà ló pa á tì, àwọn náà ló sì tún padà sí i. Ẹni tó bá mọ ìdí tí wọ́n fi pa á tì yóò mọ ìdí tí ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé yìí fi rí bó ṣe rí.

Lọ́dún 1674, nígbà tí ogun dó ti ìlú Besançon, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé kan, Étienne Morel, ki ọ̀pá bọ abẹ́ aṣọ tó so mọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó gbọgbẹ́, ó sì lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Ní 1718, Jean-Louis Petit fi ìdè tó ní skúrù rọ́pò ọ̀pá náà. Àmọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, sọ́jà tó gbọgbẹ́ lè wà nínú kòtò ogun fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó ráyè gbé e. Ẹsẹ̀ tí wọ́n so ní àárọ̀ á ti kú kó tó dalẹ́. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ dókítà ogun kórìíra rẹ̀, ó sì di ohun tí wọ́n ń kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ó dìgbà tí gbogbo nǹkan mìíràn bá kọ̀ kéèyàn tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀kọ́ yẹn pààyàn. Ní Vietnam, àwọn sọ́jà Amẹ́ríkà kú nítorí ẹ̀jẹ̀ apá tàbí ẹsẹ̀ nìkan, láìsí ọgbẹ́ mìíràn lára wọn tó lè pa wọ́n. Ní 1996, Frank Butler, dókítà nínú ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlànà tuntun jáde: bí ìbọn bá ṣì ń dún, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń ya lápá tàbí lẹ́sẹ̀, tọ́nikẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Lẹ́yìn náà, John Kragh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ èèyàn 232 tí wọ́n so irú ìdè yìí fún, tí wọ́n sì gbé wá sí ilé ìwòsàn ogun ní Baghdad ní 2006. Nínú àwọn tí wọ́n so fún kí àìtó ẹ̀jẹ̀ tó dá ara wọn lágara, 90 nínú 100 ló yè. Nínú àwọn tí wọ́n fi í falẹ̀ fún, 10 péré nínú 100 ni. Kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tí wọ́n gé apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí ìdè náà nìkan. Ohun tó yàtọ̀ sí ti ìgbà kòtò ogun ni àkókò: wọ́n ń tètè gbé wọn dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án

Kì í ṣe gbogbo ọgbẹ́ ló nílò rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ náà dáadáa. Bó bá ń tú jáde fìrì-fìrì bí ọkàn ṣe ń lù, bó bá ń dà jọ sílẹ̀ bí omi tí ife rẹ̀ dànù, bí aṣọ tẹ́ ẹ fi bò ó bá rin gbingbin lójú ẹsẹ̀, bí apá tàbí ẹsẹ̀ bá ti já, tàbí bí ẹni náà bá ti ń sọ ìsọkúsọ, kò tún sí ìdúró mọ́. Ọgbẹ́ tí kò bá tó báyìí, aṣọ mímọ́ àti ọwọ́ méjì tó tẹ̀ ẹ́ gírígírí tó fún un.

Ẹ ki ọwọ́ yín bọ àpò láílọ́ọ̀nù bí kò bá sí ìbọ̀wọ́. Ẹ nawọ́ sí ẹnì kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sọ fún un pé òun ni kó pe ọkọ̀ pàjáwìrì (112 ni nọ́ńbà náà ní Nàìjíríà, 767 náà sì wà fún Èkó). Bẹ́ ẹ bá kàn pariwo pé "ẹ pe ọkọ̀", olúkúlùkù á rò pé ẹnì kejì ti pè é. Títí tọ́nikẹ́ẹ̀tì á fi délẹ̀, ẹ gbé aṣọ lé ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, ẹ na apá yín gbọọrọ, kẹ́ ẹ fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Orí ilẹ̀ tó le ni kó dùbúlẹ̀ sí. Lórí tìmùtìmù tàbí ìjókòó ọkọ̀, agbára yín á kàn máa wọlẹ̀ ni.

Síso rẹ̀

Ibi tó yẹ kó wà ni ìwọ̀n sẹ̀ńtímítà 5 sí 7 sókè ọgbẹ́, sí ìhà ibi tí ọkàn wà. Ẹ má ṣe so ó mọ́ orúnkún tàbí ìgúnpá, nítorí egungun oríkèé á máa gbà á dúró, òpójẹ̀ kò sì ní fún. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni ọgbẹ́ wà, ẹ gbé e kọjá oríkèé náà sókè. Bí aṣọ kò bá jẹ́ kẹ́ ẹ rí ojú ọgbẹ́, tàbí ilẹ̀ ti ṣú, ẹ so ó sókè pátápátá, níbi tí itan tàbí apá ti fẹ́ pàdé ara. Ẹ yọ fóònù àti kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú àpò ṣòkòtò lákọ̀ọ́kọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe ló kàn yìí. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀pá rárá, ẹ fa ìgbànú náà kó fún mọ́ ara pinpin, kẹ́ ẹ sì lẹ ẹ́ padà mọ́ ara rẹ̀. Ẹ gbìyànjú láti ki orí ìka 3 bọ abẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá wọlé, ó ṣì dẹ̀. Ẹ tún un fà. Ẹni tó bá fi ọ̀pá wá ìfúnpọ̀ tó yẹ kó ti fi ọwọ́ fà á ní, á lọ́ ọ lọ́ ọ títí ìgbànú á fi kákò, tí ọ̀pá kò ní yí mọ́, ẹ̀jẹ̀ á sì tún máa dà. Bẹ́ ẹ bá fà á dáadáa, lílọ́ ọ̀pá náà ní ìdajì-ìdajì lẹ́ẹ̀mẹta sábà máa ń tó.

Ẹ máa lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, tẹ́ ẹ bá sì fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ tàbí òkè àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ má gbọ́ lílù iṣan níbẹ̀ mọ́. Ẹ há ọ̀pá náà sínú ìkọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi okùn funfun orí rẹ̀ dè é. Ẹ wo aago, ẹ kọ T àti wákàtí náà, bíi T 14:20, sórí okùn yẹn tàbí sí iwájú orí ẹni náà. Ẹ má fi aṣọ bo ìdè náà.

Ó máa dùn ún gan-an. Ẹni tí kò tíì sunkún tẹ́lẹ̀ lè máa bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ tú u. Ìrora yẹn kì í ṣe àmì pé ẹ ṣe é kò dáa. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, kẹ́ ẹ má sì tú u. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń jáde, ẹ tún un lọ́. Bí kò bá dá, ẹ so èkejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá òkè.

Ìdè tó dẹ̀ burú ju kéèyàn má so ó rárá lọ. Òpójẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn rọ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí awọ. Èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá láti ọkàn nípọn, ó sì wà nísàlẹ̀. Ìdè tí kò le tó á dí ọ̀nà àbọ̀, á fi ọ̀nà àlọ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á máa wọ inú ẹsẹ̀, kò ní rọ́nà padà, ojú ọgbẹ́ ló máa gbà jáde. Bákan náà ni kéèyàn máa dẹ̀ ẹ́ díẹ̀-díẹ̀ "kí ẹsẹ̀ lè mí": ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́ kù lẹ̀ ń tú dànù yẹn. Wákàtí 2 ni àwọn ológun kà sí àkókò tí kò léwu. Bó bá ti ju 6 lọ, ilé ìwòsàn nìkan ló lè tú u.

Bí kò bá sí èyí tí wọ́n rà

Ẹ ká ìborùn tàbí àǹkárá kó fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 5. Ẹ yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ta á ní kókó kan, ẹ gbé spánà tó wà nínú ọkọ̀ lé e, ẹ ta kókó méjì lé spánà náà lórí, kẹ́ ẹ wá lọ́ ọ. Ẹ fi aṣọ mìíràn so orí spánà náà mọ́ ẹsẹ̀ kó má bàa yí padà. Bíírò á kán. Ìgbànú aláwọ le jù, kì í ṣeé lọ́. Okùn tín-ín-rín àti wáyà á gé ẹran ara, wọn kò sì ní dé ibi tí òpójẹ̀ wà. Aṣọ tí a so lásán láìsí ọ̀pá kì í sábà dá ẹ̀jẹ̀ ńlá dúró.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ayédèrú irú CAT tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń lò pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pá rẹ̀ máa ń tẹ̀ tàbí kó kán nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Ẹ ra méjì, kẹ́ ẹ fi ọ̀kan kọ́ṣẹ́, kẹ́ ẹ má sì lo èyí tẹ́ ẹ fi kọ́ṣẹ́ fún ọgbẹ́ tòótọ́. Ẹ má fi í sílẹ̀ níwájú ọkọ̀ tí oòrùn ti ń pa á.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má so ó fún ẹni tí ejò bù jẹ. Ìdè kì í dá oró paramọ́lẹ̀ dúró, ńṣe ló ń ba ẹsẹ̀ náà jẹ́.

Ibi tí ìdè kò lè dé

Ìdí itan, abíyá àti ìpìlẹ̀ ọrùn kò ṣeé so. Kíkì ni tibẹ̀. Ẹ nu ẹ̀jẹ̀ tó dà jọ, ẹ wá ojú ibi tó ti ń sun gan-an, ẹ fi ìka kan dí i. Ẹ wá máa fi ìka ọwọ́ kejì ti gọ́ọ̀sì (aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di ọgbẹ́) wọlé, ìka kan kò gbọ́dọ̀ kúrò kí èkejì tó dé, títí ihò náà á fi kún dẹ́nú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́: ìṣẹ́jú 3 bó bá jẹ́ gọ́ọ̀sì oníkaolin, ó kéré tán 10 bó bá jẹ́ gọ́ọ̀sì lásán. Ẹ má ṣí i wò. Kaolin yìí, amọ̀ funfun ni, ó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹ̀bù mìíràn ni àwọn sọ́jà Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ ń dà sínú ọgbẹ́, àmọ́ ó máa ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń jó ẹran ara, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba gọ́ọ̀sì yìí dípò rẹ̀ ní 2008.

A kì í ki àyà tàbí ikùn. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ. Ọ̀bẹ tàbí irin tó há síbẹ̀, ẹ má fà á yọ. Kẹrosíìnì, iyanrìn àti epo mọ́tò kò gbọ́dọ̀ kan ojú ọgbẹ́.

Ẹ fi aṣọ bo ara ẹni náà, bí oòrùn tilẹ̀ mú, àmọ́ kí ìdè ṣì hàn síta. Ara tó bá tutù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dì dáadáa mọ́, ìdè tó dáa jù kò sì lè tún ìyẹn ṣe.

Ní ilé ìwòsàn

Tranexamic acid, oògùn tí Utako Okamoto àti ọkọ rẹ̀ Shosuke ṣàwárí ní Japan, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì tún yọ́. Ìwádìí tó jáde ní 2010, tó kó èèyàn tó lé ní 20,000 jọ láti orílẹ̀-èdè 40, Nàìjíríà wà lára wọn, fi hàn pé ó ń gba ẹ̀mí là bí wọ́n bá tètè fún ẹni náà. Bí wákàtí 3 bá ti kọjá lẹ́yìn ìjàǹbá, ó lè ṣèpalára. Ìdí nìyẹn tí wákàtí tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ fi ṣe pàtàkì.

Bó bá jẹ́ ọta ìbọn ló bà á, òfin Nàìjíríà ti 2017 sọ pé kí ilé ìwòsàn gbà á, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí. Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu géètì bí wọ́n bá ń dá yín dúró. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde sí yín, ẹ fi T náà hàn án, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé kó má tú ìdè náà títí oníṣẹ́ abẹ yóò fi ṣe tán.