Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Eré Sísá, àti Bí A Ṣe Ń Ti Ẹni Tí A Jọ Ń Sáré Lẹ́yìn

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ọdún, èrò máa ń pọ̀ ní pápá ìṣeré Adamásingbà n'Ìbàdàn láàárọ̀ kùtù. Tó bá fi máa di àárín oṣù kejì, àwọn ojú àtijọ́ nìkan ló kù. Àwọn èèyàn á ní ọ̀lẹ ló ṣe àwọn tó padà sílé. Irọ́ ni. Eré àsápajúdé ló lé wọn lọ. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Lọ́jọ́ kejì wọn ò lè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ojúgun ń ta wọ́n, ó parí.

Tí ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà bá wà nínú ìdílé yín, ẹ lọ yẹ ara wò ná. Nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ á bá yín wọn ìfúnpá, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku bàtà.

Bàtà àti aṣọ

Bàtà nìkan ni mo gbà kí ẹ náwó sí, kò sì di dandan kó jẹ́ tuntun. Òkìríkà dára. Ẹ tètè dé ọjà Katangua l'Ábúlé Ẹ̀gbá kí wọ́n tó ṣa èyí tó dáa tán, ẹ mú ẹyọ kan, ẹ tẹ̀ ẹ́. Níbi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni bàtà eré gidi ti ń tẹ̀. Èyí tó bá tẹ̀ láàárín, ẹ dá a padà fún oníbàtà. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù abẹ́ rẹ̀. Tó bá le gbagidi, ó ti gbẹ, kò ní gba ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ kọ̀ǹkéré. Ẹ wá wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, kí àyè tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò kan ṣẹ́kù níwájú ọmọ ìka tó gùn jù, torí ẹsẹ̀ máa ń wú tí ara bá gbóná. Kánfáàsì tí àwọn ọmọ fi ń lọ síléèwé kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Aṣọ tó bá ti fúyẹ́ ti tó. Kí obìnrin wọ kọ́mú tó fún dáadáa. Bí ti eré ìdárayá ò bá sí, kó wọ méjì lórí ara wọn. Ẹ fi òrí pa itan, abíyá àti orí ọmú, ẹ̀yin ọkùnrin náà, torí aṣọ tó ti rẹ sínú òógùn máa ń bó orí ọmú títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Àwọn kan ń ra ìpara olówó gọbọi fún èyí. Òrí orí àtẹ ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ọ̀nà

Aago márùn-ún àbọ̀ sí méje àárọ̀ ni àkókò eré. Lẹ́yìn ìyẹn, oòrùn ti ń yọjú, dáńfó sì ti kún ojú títì. Apá òsì ni kí ẹ máa gbà: láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba apá ọ̀tún ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹni tó bá wà lápá òsì á rí ohun tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀. Ọlọ́kadà tó ń gba wánwè ò mọ̀ pé òfin yìí wà, ẹ máa bojú wẹ̀yìn. Ẹ má fi nǹkan dí etí méjèèjì. Tí ajá bá yọ, ẹ má sá. Ẹ dúró, ẹ kọjú sí i, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ mú òkúta. Ajá àdúgbò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ fi owó ọkọ̀ sábẹ́ ìbọ̀sẹ̀, nínú ọ̀rá. Mo máa sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Eré náà gan-an

Ará Amẹ́ríkà kan, Josh Clark, gbé ètò ọ̀sẹ̀ 9 kan kalẹ̀ ní ọdún 1996 fún ẹni tí kò sáré rí láyé rẹ̀, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń lò káàkiri ayé. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ ó kọ́kọ́ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 5 kí ara ta. Lẹ́yìn náà ẹ ó sáré fún ìṣẹ́jú àáyá 60, ẹ ó rìn fún 90, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ìṣẹ́jú 20 á fi pé. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ kan ìsinmi ó kéré tán wà láàárín. Ẹni tí kò bá fẹ́ máa wo fóònù, kó máa wo òpó iná: ẹ sá òpó kan, ẹ rin méjì. Èmi fẹ́ràn òpó iná ju fóònù lọ, torí òpó iná kì í sọ fún yín pé ẹlòmíràn yá jù yín lọ.

Gbogbo èèyàn ló ń ka ètò yìí, tí wọ́n sì ń lóye rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ ni ọ̀rọ̀ “sáré” yẹn. Eré tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí ẹ sá lọ́jọ́ ìdíje ilé-sí-ilé ní pámárì. Ó lọ́ra débi pé ojú á máa tì yín. Ìyá tó ru igbá ẹ̀kọ lè fẹ́ẹ̀ yà yín sílẹ̀, àwọn ọmọdé á sì fi yín ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n nìyí: ẹ máa kí èèyàn. Tí ẹ bá kan ìyá tó ń dáná àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ kí i tán pátápátá: “Ẹ kú àárọ̀ mà, ẹ kú iná o, ṣé ẹ jí dáadáa, àwọn ọmọ ńkọ́?” Tí òun náà bá dáhùn, tó ní “a dúpẹ́, ẹ rọra o,” kí ẹ lè ṣe “àmín, ẹ ṣeun mà” láìjẹ́ pé èémí gé e sí méjì. Tó bá jẹ́ “ẹ kú…” nìkan ló jáde, tí ìyókù di hẹlẹhẹlẹ, ẹ ti ń sáré jù. Ẹ dẹ ẹsẹ̀. Tí dídẹ ẹsẹ̀ bá sọ ọ́ di ìrìn, ẹ máa rìn, kò sí ẹni tó máa fìyà jẹ yín. Mi ò mọ ẹ̀rọ kankan, títí kan aago olówó iyebíye tó ń ka ìlù ọkàn, tó sàn ju ìkíni yìí lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ o, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rú u. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tètè máa ń kọ́ eré. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èémí á ti já gaara. Eegun àti àwọn iṣan tó so mọ́ eegun ò rí bẹ́ẹ̀, oṣù mélòó kan ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó le. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, ọjọ́ kan á wà tí ẹ máa jí, tí ara á yá gágá, tí ẹ máa rò pé ìwé yìí ń fi àkókò yín ṣòfò. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ bẹ̀rù. Èémí á ní ká lọ, ojúgun ò sì tíì ṣe tán. Ẹ má kó eré ọ̀sẹ̀ méjì sínú ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má fi eré àsápajúdé parí rẹ̀ torí pé aládùúgbò dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń wò yín. Tí ọ̀sẹ̀ kan bá le, ẹ tún un ṣe. Mo ti rí ẹni tó tún ọ̀sẹ̀ karùn-ún ṣe títí ó fi sú àwọn ará ilé rẹ̀, ó sì wà lójú ọ̀nà títí di òní.

Ní ti ìrora: èyí tó ń dínkù bí ara ṣe ń gbóná, ẹ máa bá a lọ. Èyí tó ń pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń lọ, tàbí tó wà lójú kan ṣoṣo tí ẹ lè fi ìka kan tọ́ka sí, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ yọ owó abẹ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn, kí ẹ wọ Márúwá lọ sílé. Ẹ máa rìn fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó tún sáré. Tó bá ṣì ń dùn yín, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Àwọn tó ń fi róòbù pa ojúgun kí wọ́n lè parí eré ọjọ́ náà ni wọ́n ń sọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan di ti oṣù mẹ́ta.

Ẹni tí ẹ jọ ń sáré

Ẹnìkejì ni ìwọ̀n yín tí kò bá sí oníàkàrà lójú ọ̀nà. Ẹ wá ẹnìkan, kí ẹ máa sọ̀rọ̀ ilé ayé lọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ ń já ni ẹ máa dẹ ẹsẹ̀ fún.

Ìbí yìí ni àwọn tó ti ń sáré tipẹ́ ti ń ṣe ibi níbi tí wọ́n rò pé oore làwọn ń ṣe. Wọ́n á ṣíwájú, wọ́n á máa bojú wẹ̀yìn, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́: “Ó yá, ó yá, má ṣọ̀lẹ!” Ẹni ẹ̀yìn á gbìyànjú láti bá wọn, á mí títí inú á fi gún un, kò sì ní wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá lọ́ra jù ni kó wà níwájú. Kí ẹni tó yá jù wà lẹ́yìn rẹ̀, kó dákẹ́, kó máa bá a wo ọkọ̀. Tó bá wù ú kó sáré, kó wá ọjọ́ mìíràn fún ti ara rẹ̀.

Ní Bushy Park ní London, ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, èèyàn 13 ló bẹ̀rẹ̀ eré ọ̀fẹ́ kìlómítà 5 tó wá di parkrun, tí wọ́n ń sá ní àárọ̀ Sátidé ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ lónìí. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé wọ́n máa ń yan ẹnìkan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó rìn lẹ́yìn gbogbo èèyàn lọ, kó lè jẹ́ òun ló máa ṣe ìkẹyìn. Ẹ yan irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ dáwó àǹkóò, tó ní fìlà àti súwẹ́tà kí ẹnikẹ́ni tó sá òpó iná kan, ẹ jìnnà sí i.

Ọjọ́ ìdíje

Bí oṣù mélòó kan bá ti kọjá, ẹnìkan nínú yín á ní òun fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ láti kìlómítà 10. Eré ẹlẹ́mìí ẹṣin, kìlómítà 42 àti mítà 195, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún àkọ́kọ́. Lagos City Marathon tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2016 ní méjèèjì. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ gba afárá Third Mainland lọ́jọ́ náà á sọ fún yín pé kò sí ibòji kankan lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ tì í lẹ́yìn, ẹ má kóra jọ síbi tí eré parí sí. Èrò ti pọ̀ níbẹ̀, kò sì nílò yín mọ́. Ẹ wo máàpù, ẹ dúró níbi tí ọ̀nà ti dákẹ́ rọ́rọ́ ní ìdá mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ẹ tètè débẹ̀ kí wọ́n tó dí ọ̀nà. Ẹ pe orúkọ rẹ̀, tí ẹ bá sì mọ oríkì rẹ̀, ẹ kì í. Ẹ má sọ pé “ó kù díẹ̀.” Kìlómítà 9 kì í ṣe díẹ̀ lójú ẹni tí itan rẹ̀ ti ń ní pajápajá. Ẹ sọ iye tó kù gan-an, tàbí kí ẹ dákẹ́.

Ó wá ku omi. Píọ̀ wọ́tà odidi kì í ṣe ohun tí à ń nà sí ẹni tó ń sáré. Ẹ já igun rẹ̀ kékeré ná, ẹ dì í mú níbi tó ga, ẹ rìn tẹ̀ lé e kó tó gbà á. Kó mu ún bí òùngbẹ bá ṣe gbẹ ẹ́, kó da ìyókù sórí. Ẹ má fipá fún un. Lẹ́yìn eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ìlú Boston l'Amẹ́ríkà ní ọdún 2002, àwọn dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn sárésáré 488 wò, iyọ̀ ara nǹkan bí mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, omi àmujù sì wà lára ohun tó fà á. Fún eré tó bá ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, ẹ po omi iyọ̀ àti ṣúgà: píọ̀ wọ́tà méjì, ìyẹn lítà kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí orí rẹ̀ tẹ́jú, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Àwọn ohun mímu aláwọ̀ tí wọ́n ń tà fún àwọn eléré ò dára ju èyí lọ fún wa.

Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń lọ́ mọ́ra wọn, ẹ bi í pé àdúgbò wo ló wà. Tó bá sọ ìsọkúsọ, eré ti parí, ohun yòówù kó sọ. Ẹ mú un lọ síbi ibòji, ẹ da omi sí i lórí, lọ́rùn àti lábíyá, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹnìkan sì pe àwọn oníṣègùn. Tí kò bá mọ ara rẹ̀ dáadáa, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu.

Tó bá parí láyọ̀, ẹ má jẹ́ kó jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ mú un rìn díẹ̀, ẹ fún un ní aṣọ gbígbẹ, sálúbàtà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ má bi í ní wákàtí tó lò. Tó bá fẹ́ sọ, á sọ. Kó sinmi eré fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Tó bá ní òun fẹ́ jáde lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé bàtà rẹ̀ pa mọ́ fún un.